Mọ́ínmọ́ín Kejì

N kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ológbò bá fò kọjá lójú wọn, wọ́n á ní àjẹ́ ni, èmi kọ́. Àwòrán ẹ̀yà ara mọ́tò ni mò ń yà lórí kọ̀ǹpútà ní Torino, ní Italia níbí, ohun tí mi ò bá sì lè wọ̀n, n kì í gbà á gbọ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ojú mi rí i, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi rí i. Ọ̀sán gangan ni, ara mi dá ṣáṣá, mi ò sì mu nǹkan kan ju tíì lọ.

Ìbínú ló gbé mi dé orí òkè. Òyìnbó kan ní ọ́fíìsì wa ló ń sọ pé òun fẹ́ lọ sá maratónì orí òkè, nínú yìnyín, nígbà tí òtútù bá ń parí lọ. Mo ní èmi náà lè sá a. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tu? D'inverno?" ló wí, pé ṣé èmi, nínú òtútù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ẹ̀ mọ̀ mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti forúkọ sílẹ̀.

Báyìí ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá gbé àpò ìrẹsì kọ́ ẹ̀yìn, màá máa gun àtẹ̀gùn palazzo wa, ilé alájà tí à ń gbé, lọ sókè lọ sódò, títí tí signora, ìyá òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, fi bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun kó kúrò nílé ni. Òrí ni mo ń fi pa ojú kí òtútù má bàa la ètè mi. Tó bá di Sátidé, màá wọ ọkọ̀ ojúirin lọ sí Val di Susa, níbi tí àwọn òkè tó bá France pààlà wà. Màá de ramponcini mọ́ bàtà, àwọn irin eléyín tí kì í jẹ́ kéèyàn yọ̀ lórí yìnyín, màá sì máa gòkè. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ń bi mí: ta ló ń lé ẹ?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Kúnlé, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ nítòsí ọjà Porta Palazzo. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ra gàrí àti ẹ̀wà látìgbà tí mo ti kó dé láti Padova, níbi tí mo ti kàwé.

"Òkè wo lo tiẹ̀ ti ń sáré?" wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo dárúkọ ibẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró lórí òṣùwọ̀n.

Kò sí Yorùbá kan ní Torino tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kúnlé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gba orí òkè yẹn lọ ní ìgbà òtútù èṣí. Wọn ò fún un ní permesso, ìwé ìgbélùú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń dúró dè é ní Lyon, ló bá ní òun á fẹsẹ̀ rìn kọjá sí France. Láti ọjọ́ náà kò pè, kò dé Lyon, ẹnikẹ́ni ò sì rí òkú rẹ̀. Pásítọ̀ fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí fún un, ìyá lé pásítọ̀ jáde. Ọmọ òun ń bọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ. Èmi ò bá a pàdé rí, àwòrán yẹn nìkan ni mo mọ̀.

Àtọjọ́ náà ni Ìyá Kúnlé ti ń gbé ike oúnjẹ fún mi ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Mọ́ínmọ́ín méjì, ńlá ńlá, tí wọ́n fi fóìlì dì torí pé ewé ò sí, tí wọ́n wá lọ́ etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni lọ́ òwú.

"Mọ́mì, ọ̀kan ti tó mi o."

"Gbé e lọ jàre. Òkè yẹn ò easy."

Ẹni tó ń gun òkè kì í yó, ẹ gbà mí gbọ́. Méjèèjì ni mo ń jẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá dá ike padà. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run, o ṣé." Mo rò pé inú wọn ń dùn pé mo jẹun dáadáa ni.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín kìíní nínú ọkọ̀ ojúirin. Nígbà tí mo máa fi gòkè dé ibì kan, kùrukùru ti bo gbogbo ayé, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo mọ̀ pé bivacco kan wà nítòsí, ilé pákó kékeré tí wọn kì í tì, kí ẹni tí ojú ọjọ́ bá ká mọ́ òkè lè rí ibi sá sí. Mo ń táràrà kiri títí ọwọ́ mi fi ba ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sí igun, ó fi aṣọ òtútù bo orí, ó kọjú sógiri.

"Salve," mo kí i. Kò dáhùn. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo jókòó sódìkejì, mo yọ ike.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Èèyàn kì í jẹun lójú ẹlòmíì kó má pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Italia, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì jáwọ́ nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ń tú fóìlì, mi ò rò ó kó tó jáde, ní Yorùbá pọ́ńbélé, fún ẹni tí mo rò pé òyìnbó ni:

"Ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire," ló dáhùn.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ẹ wo òmùgọ̀! Mo ní, "Háà, ọmọ ilé! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ó yíjú díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ó wo bàtà mi, ó wo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo ìgò omi tí mo so mọ́ àyà.

"Àǹtí, ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mò ń sáré ni."

Ó mi orí. "A kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún."

A jọ mọ ìyókù òwe náà: bí a ò bá lé ejò, ejò ló ń lé wa. Èmi tí mo fi owó ra bàtà kí n lè wá fìyà jẹ ara mi lórí òkè yìí, ojú tì mí lójijì, mi ò sì lè sọ ohun tó fà á.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí. Òtútù inú ilé náà pọ̀ débi pé bí mo bá ti mí, èéfín ń jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èéfín. Òun ń sọ̀rọ̀, nǹkan kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Orí mi wú.

Ojú rẹ̀ wà lára fóìlì ọwọ́ mi, níbi tí wọ́n ti lọ́ etí rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ara wọn le?"

"Ara ta ni?"

"Mọ́mì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èjí rẹ̀ yọ. "Ẹ bá mi kí wọn."

Mo na mọ́ínmọ́ín náà sí i. Mo ní, "Jọ̀ọ́, jẹ ẹ́. Kàn fẹnu kàn án." Bóyá mo rò pé tó bá lè jẹ ẹ́, a jẹ́ pé alààyè ni. Kò nawọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ti dé France?"

Mo ní rárá, Italia ni. Títí dòní mò ń bi ara mi léèrè ìdí tí mi ò fi parọ́ fún un.

"Mo mà ti ń rìn látàárọ̀," ó wí, ó sì yíjú padà sógiri.

Mo dá mọ́ínmọ́ín náà padà sínú ike, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọ tíì nínú àpò mi fún un. Nígbà tí mo gbójú sókè, èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ò dún. Mo ṣí i, mo wo yìnyín ìta. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti ẹni tó ń bọ̀. Tèmi ni.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojúirin, mo pinnu pé mi ò ní sọ. Ta ni mí tí màá fi sọ fún abiyamọ pé ọmọ tó ń retí ò mí mọ́? Màá dá ike padà, màá dúpẹ́, màá lọ sùn.

Ìyá Kúnlé ṣí ike náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mọ́ínmọ́ín ọ̀hún wà níbẹ̀, ó ti tutù. Mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn wò bóyá oníbàárà kankan ń gbọ́, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò jẹ tiẹ̀ lónìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo Sátidé tí mo ti ń jẹ méjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wo inú ike tó ṣófo, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òkú kì í jẹun. Inú ikùn mi ni ọmọ wọn ti wà láàyè ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn.

Mo fẹ́ parọ́, ahọ́n mi kọ̀. "Ó ní kí n kí yín."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó ní á gba ibi ire."

Wọ́n jókòó sórí àpò ìrẹsì. Wọn ò sunkún. Wọ́n bu díẹ̀ lára mọ́ínmọ́ín tútù náà, wọ́n tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ pé," wọ́n wí. Èmi ni mo sunkún.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ike lé mi lọ́wọ́, wọn ò wo ojú mi. "Bóyá ebi ò tíì pa á lọ́jọ́ yẹn ni." Mo ṣí i nínú ọkọ̀ ojúirin. Méjì ni.

Mo ti sá maratónì náà, mo sì parí rẹ̀. Òyìnbó ọ́fíìsì wa dé lẹ́yìn mi, kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò. Yìnyín ti ń yọ́, mo ṣì ń lọ. Mò ń jẹ ọ̀kan, mò ń fi èkejì sílẹ̀ lórí pákó nínú bivacco, màá ní, "Wá jẹun o," màá sì jáde kí n má bàa gbọ́ èsì. Tí mo bá padà lọ, kì í sí níbẹ̀ mọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pọ̀ lórí òkè, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi. Nírọ̀lẹ́, ike òfìfo ni mò ń dá padà. Ìyá Kúnlé á wo inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run, o ṣé." Wọn ò béèrè ẹni tó jẹ ẹ́, èmi náà ò sọ.

Ìkìlọ̀ mi ò pọ̀. Bí ẹnì kan bá di oúnjẹ ọ̀nà fún yín, tó sì ju tiyín lọ, ẹ béèrè ẹni tó ni ìyókù kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì gbé yín dé àwọn òkè yẹn, tí ẹnì kan bi yín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá a ti dé France, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ sọ fún un pé ó ti dé.