Àkọlé Tuntun Lẹ́nu Géètì Delbert Rinehart

Delbert Amos Rinehart ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin sì ni nígbà tí ajá rẹ̀ bu aládùúgbò rẹ̀ jẹ nínú ọgbà ilé rẹ̀, ní ìlú Tarlow, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ikú Fern ìyàwó rẹ̀, ohun mẹ́ta ló kù tó lè pè ní tirẹ̀: ilé onígi funfun kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dógùn-ún, àti Tansy, abo ajá arúgbó tí etí rẹ̀ ti di. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ni kò fẹ́ pàdánù rárá, nítorí pé inú yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Fern kú sí, kò sì tíì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ní òpópónà wọn, ilẹ̀kùn iwájú kì í ṣe ti ẹni tó mọni. Àwọn tó ń kàn án ni pásítọ̀ tuntun, ọlọ́pàá, ẹni tó ń polówó òrùlé, àti àwọn ọmọdé tó ń tọrọ súìtì lọ́jọ́ tí wọ́n bá múra bí iwin. Ẹni tó bá mọni á gba géètì ẹ̀gbẹ́ ilé, á yí sí ẹ̀yìnkùlé, á sì ti máa ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó tó béèrè bóyá ẹnì kan wà nílé. Fern fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún Lorna Pickett, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, pé bó bá tún kan ilẹ̀kùn iwájú, òun ò ní dá a lóhùn.

Wọ́n tún ní àṣà àwo. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ lọ sí ilé ọlọ́fọ̀ tàbí sí àsè ṣọ́ọ̀ṣì á lẹ tépù mọ́ ìdí àwo rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán á fọ àwo náà, á sì dá a padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Lorna rí àwo gíláàsì Fern kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e, ó gba géètì wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Tansy sùn gbalaja níta, lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nígbà tí Lorna fẹ́ ré e kọjá, bàtà rẹ̀ tẹ ìrù ajá náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tù ú, Tansy ta jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó sì gé e jẹ lọ́wọ́. Àwo bọ́ sórí koríko, kò fọ́. Ọwọ́ Lorna ló ya.

Kí oòrùn tó mú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ajá ti dé, nítorí pé ilé ìwòsàn tó di ọwọ́ Lorna ránṣẹ́ sí i. Ó wo Tansy, ó ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé àti géètì, ó sì ní kí ajá má ṣe jáde títí ó fi máa dájú pé kò ní àrùn dìgbòlugi. Delbert kò tíì jókòó tí fóònù fi dún. Clete ni, ìbátan rẹ̀ tó máa ń mọ ohun gbogbo.

"Delbert, ṣé o ní àkọlé lẹ́nu géètì?"

"Àkọlé kí ni?"

"Àkọlé ajá! Háà, o ti wọ gàù. Lórí ilẹ̀ rẹ ló ti ṣẹlẹ̀, ìwọ lo máa rù ú. Àfi tẹ́ni náà bá wọlé láìgbàṣẹ. Lọ ra àkọlé, kàn án mọ́ géètì kíá, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé o pe Lorna wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba ilé yẹn lọ́wọ́ ẹ báyìí, inú ọkọ̀ akẹ́rù ẹ lo máa máa sùn."

"Lorna kọ́ ló máa gba ilé mi, Clete."

"Gbogbo wọn ló máa ń dáa kí lọ́yà tó dé."

Ọ̀rọ̀ yìí bà á lẹ́rù débi pé kò lè jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó ra àkọlé pupa kan: ṢỌ́RA FÚN AJÁ, ẸNI TÍ A KÒ PÈ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Bó ṣe ń kàn án mọ́ géètì, ìró òòlù náà ń dún ká gbogbo òpópónà. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Lorna lójú fèrèsé, pẹ̀lú báńdéèjì funfun lọ́wọ́. Kò juwọ́ sí i. Ó rọra fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ tó bá fa ẹsẹ̀ lẹ́bàá ilé ń mú àyà Delbert já.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn iwájú. Delbert ṣí i, obìnrin kan ló dúró níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Renata Dunning lorúkọ mi, láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tẹ́ ẹ ń sanwó fún lórí ilé yín. Ọ̀rọ̀ ajá yín ló gbé mi wá."

Ó mú un lọ sí ilé ìdáná. Obìnrin náà jókòó, ó béèrè nípa ọjọ́ orí Tansy àti bóyá ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Delbert ní rárá. Nígbà náà ni obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ tí Delbert kò retí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ìyáàfin Pickett. Wọ́n ní ẹ ò pe àwọn. Wọ́n ní àwọn kàn wọlé fúnra àwọn ni, láìtọrọ àyè."

Lorna ti ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún Delbert, pẹ̀lú ọwọ́ tí ajá rẹ̀ gé jẹ. Kò ju kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ.

"Àkọlé tó wà lẹ́nu géètì yẹn ńkọ́, sà? Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Delbert wo àwo Fern tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Tépù wà ní ìdí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn tí Fern fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ro ilé náà, ó sì ro bẹ́ẹ̀dì yàrá ìsàlẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo kàn án. Ìbátan mi gbà mí nímọ̀ràn òpè, èmi òpè náà sì gbà á. Lorna sì ń parọ́ fún yín."

"Irọ́, sà?"

"Irọ́ gbuu! Obìnrin yẹn ò nílò kẹ́nikẹ́ni pè é. Ìyàwó mi ti pè é tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó lé e. Àwo wa ló wá dá padà. Ẹ wo ìdí ẹ̀." Ó gbé àwo náà síwájú rẹ̀. "Ó yá, ẹ sọ fún mi. Ṣé wọ́n á gba ilé mi?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Clete, ìbátan mi."

"Ṣé lọ́yà ni wọ́n?"

"Táyà ló ń tà."

Renata Dunning rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi fọ́tò kan hàn án nínú fóònù rẹ̀. Géètì Delbert ni, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ti yà á lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí àkọlé kankan lára rẹ̀.

"Nítorí irú ọjọ́ báyìí lẹ ṣe ń sanwó fún wa, sà. Àwa la máa tọ́jú ọwọ́ Ìyáàfin Pickett. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ sọ pé àkọlé wà níbẹ̀ ni, irọ́ yẹn ò ní jẹ́ ká lè dúró tì yín mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni gbogbo ẹ̀ ì bá já lé lórí, ìgbà yẹn lẹ̀rù ilé ì bá tó bà yín."

Nígbà tó lọ tán, Delbert bọ́ síta. Ó sọdá ọ̀nà, ó gba ẹ̀yìnkùlé Lorna, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀.

"Òpùrọ́!" ló wí.

"Ta lò ń pè lópùrọ́? Ìwọ tó kan pátákó mọ́ géètì bí ẹni tó fẹ́ ta ilé! Wọlé jàre, eṣinṣin ń wọlé. Tansy ńkọ́?"

"Ó wà. Ojú ń tì í."

"Ó dáa kí ojú ti ẹnì kan nínú yín."

Ní Tarlow títí di òní, wọ́n máa ń sọ pé àkọlé ló gba ilé Delbert Rinehart sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ti tìtorí bẹ́ẹ̀ ra tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, kò sí àkọlé kankan lọ́jọ́ tí Tansy gé Lorna jẹ. Èkejì, àkọlé náà gan-an ló kù díẹ̀ kó kó bá ilé náà. Ẹ̀kẹta, kò sí lẹ́nu géètì mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Renata Dunning wá: Delbert yọ ọ́, Lorna gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi dí ihò tó wà lára ilé adìyẹ rẹ̀, ó kọ ojú tí ọ̀rọ̀ wà sínú, sọ́dọ̀ àwọn adìyẹ.