Bàbá Ìjọ àti Ìrókò Oko Wa

Kí bàbá ìjọ wa ní Ìpótì tó jókòó, á kọ́kọ́ fi aṣọ ìnujú nu àga, bí ẹni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló dìde níbẹ̀. Ẹni mímọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é lónìí. Èmi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, òun ló fẹjọ́ ìyá mi sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ń kí ìrókò etí oko wa.

Ìyá mi ní, “Mi ò bọ ọ́. Ẹnìkan ń gbé inú rẹ̀, mo sì ń kí i bí a ṣe ń kí aládùúgbò.”

“Igi ò létí, Ìyá Tíṣà,” ni bàbá ìjọ dáhùn. Wọ́n bá ní kí ìyá mi má jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́.

Nígbà tó yá, ìjọ fẹ́ fi ìrókò yẹn ṣe àga tuntun. Àwọn agégẹdú kọ̀, wọ́n ní àfi kí ẹnìkan kọ́kọ́ bẹ ẹni inú rẹ̀ kó kó jáde. Bàbá ìjọ bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ wá wá.

“Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Bàbá, ṣé igi náà ti wá yọ etí ni?”

Ìyá mi ní kí n panu mọ́. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gé igi náà láìsí ewu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwọn àga náà sí mímọ́, ìyá mi dìde láti lọ jẹ oúnjẹ Olúwa. Bàbá ìjọ fọwọ́ júwe fún un pé kó padà lọ jókòó.