Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì

Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti gbọ́ orin jáàsì. Ẹni tó ni pálọ̀ tí a ń lò jẹ́ ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kílóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré, tó tẹ̀lé tèmi ló ń gbé, ní Festac níbí. Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n bí, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní àfẹ́ńù wa. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Apapa, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Èmi ni ẹnì kẹta, èmi ni mo sì dàgbà jù. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé girama kí n tó sinmi.

Kì í ṣe àwo tí wọ́n ń tà lọ́jà là ń gbọ́. Ohun tí a fẹ́ràn ni kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tí àwọn onílù àti onífèrè ti ń ṣeré lójúkojú, ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Bí àgbàlagbà kan bá kú, tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọn a máa rí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Ọkùnrin kan ti gbé odindi páálí kan wá fún wa láti Abúlé Adó rí. Iṣẹ́ wa ni láti tẹ́tí, kí á wádìí: ta ló ń fun fèrè, àwọn mélòó ló wà lórí ìtàgé, ṣé inú ilé ni àbí ìta gbangba. Nígbà kan, ìró òjò lórí páànù ló jẹ́ ká mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣeré, nítorí pé òun nìkan ni kò ní àjà ládùúgbò rẹ̀.

Òfin méjì ni mo fi lélẹ̀. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì yóò fi tán. Kí kálukú máa kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Èkejì, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ ka tirẹ̀, àgbà ni yóò kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú bá mi jà lórí òfin kejì yìí. Ó ní ilé wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọmọdé á máa bu ẹran kí àgbà tó bù. Mo ṣàlàyé fún un pé bí àgbà bá ti sọ pé nǹkan dúdú, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní sọ pé ó funfun, kódà bí funfun rẹ̀ bá ń ta á lójú. Ó mi orí, ó gbà.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan láti Raji Rasaki Estate wá bá wa. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. A máa ń kí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti bí oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Inú agolo bisikíìtì ló gbé kásẹ́ẹ̀tì kan sí, ó sì fi áńkáṣíìfù wé e bí ẹni wé ẹyin.

"Tíṣà," ó ní, "ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn ni mo ti rí i. Ẹ ò mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ mi máa ń fun fèrè sasofóònù kí wọ́n tó fẹ́ mi."

"Mi ò mọ̀."

"Èmi tí mo bá wọn gbé fún ogójì ọdún ó lé ọ̀kan, mi ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti fi fèrè náà ta ẹnì kan lọ́rẹ kí n tó wọlé wọn. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ìgbà yẹn ti lọ. Rẹ́kọ́dà ilé wa sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló wà nínú ẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ni, mo fẹ́ gbọ́ wọn."

Ó sọ fún wa pé ìsìn ìrántí ọdún kan ń bọ̀, pé àkọ́bí òun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìn pé olùfun fèrè ni bàbá àwọn, kí wọ́n sì lu kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n lọ parọ́ níwájú Ọlọ́run o," ó ní.

Lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ti wó nìkan ni ọkọ rẹ̀ kọ síbẹ̀. Mo bi í bóyá ohun kan wà tí a lè fi dá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ̀.

"Ìka wọn tó kéré jù lọ́wọ́ òsì kì í ká. Ilẹ̀kùn mọ́tò ló há a nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bí wọ́n bá mú ife tíì, ìka yẹn á nà síta gbọnrangandan bíi ti ìyàwó òyìnbó."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ara wa. Ìka yẹn gan-an ni onífèrè fi ń tẹ àwọn ohùn tó wálẹ̀ jù lọ lára sasofóònù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ká, kò lè dé ibẹ̀.

A fi ojú kìíní sí rẹ́kọ́dà wa. Fèrè náà dùn. Ó ń gòkè, ó ń yí, ó ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tó ń rìn létí odò tí kò fẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ òun. Omi ń bọ́ lójú obìnrin náà, kò sì nù ún. Nígbà tí ojú kìíní parí, ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, ṣé àwọn ni?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí ó ní sùúrù, ó ku ojú kejì. Mo wo omijé ojú rẹ̀, mo ní, "Àwọn ni."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ṣàdúrà fún wa, ó sì yára jáde láti lọ pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ọ̀dọ́mọbìnrin wa lè bá a gbé e sínú kọ̀ǹpútà.

A gbọ́ ojú kejì lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀, etí mi náà sì ti bá a sinmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ sílẹ̀ ni pé ọkùnrin kan ń fi imú kọrin láìlanu nítòsí rẹ́kọ́dà tí wọ́n fi gbà á, ó sì ń da fèrè láàmú. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà pé bí ó bá ń tún un ṣe fún màmá, kí ó bá mi yọ aláriwo yẹn kúrò.

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ó dáa, sà."

Kò sẹ́ni tó ka ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ọ̀dọ́mọbìnrin náà kan ilẹ̀kùn mi. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà. Ìyẹn gan-an ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó ṣí ìwé náà sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, mo máa ń yìn ín fún un. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ojú kejì, orin kejì. Fèrè sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì.* Ó fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ "ẹ̀ẹ̀mejì".

"Ìgbà wo lo kọ èyí?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ ti ní àwọn ni, sà."

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń bá àwọn olùkọ́ kéékèèké wí pé kí wọ́n má fún ọmọ ní máàkì láìṣí ewé kejì. Èmi náà ni mo wá ṣe bẹ́ẹ̀, lórí ìwé tí kì í ṣe ti ọmọdé. Ó sọ fún mi pé Tọ́sìdeè ni màmá máa gbé ìwé ètò lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo wọ bàtà mi, a jọ kọjá sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

"Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn?" ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Èmi náà gbọ́ ọ."

"O gbọ́ ọ, o sì dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní kí àgbà máa bu ẹran kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bù. Mo rò pé ẹ fẹ́ jẹ egungun rẹ̀ náà ni."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

A tún fi ojú kejì sí i. Ó dájú: fèrè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró níbẹ̀ gan-an kí ó tó gòkè padà. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò ká kò lè ṣe é. Ọkàn mi wúwo. Ọ̀rẹ́ mi wá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń fi imú kọrin yẹn."

A tẹ́tí sí i, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni pé òun ni fèrè. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ wa ju ti gbogbo àwọn tó wà lórí ìtàgé lọ. Ó mọ orin náà dáadáa. Á ti dé ibi tí ohùn ń lọ kí fèrè tó bá a níbẹ̀. Nígbà tí àtẹ́wọ́ dún, ó mí kanlẹ̀, ó wúkọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni ìgbohùnsílẹ̀ náà sì dá dúró.

"Ẹni tó ń kọrin yẹn ni rẹ́kọ́dà wà lọ́wọ́ rẹ̀," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. "Ẹni tí ẹ ní kí n yọ kúrò nínú ti màmá, tí mo sì ti yọ, sà."

Ní Wẹ́sìdeè, a gbé rẹ́kọ́dà sẹ́yìn mọ́tò ọ̀rẹ́ mi, a forí lé Raji Rasaki. Ìwé ètò ìsìn náà wà lórí tábìlì màmá. Àwòrán ọkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ *Bàbá wa, olùfun fèrè* sábẹ́ rẹ̀. Mi ò jókòó kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, mo ṣẹ̀ yín. Mo dá yín lóhùn kí n tó gbọ́ ojú kejì." Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìka náà fún un, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Kò sunkún. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Mo ti sọ fún gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ mi," ó ní. Nígbà tó yá, ó ní, "Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ṣé ọkọ ọlọ́kọ ni mo wá ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, Tíṣà?"

Lọ́jọ́ mìíràn ọ̀rẹ́ mi ì bá rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba.

Mo ní ó ku ohun kan tí kò tíì gbọ́. Mi ò sọ ohun tó jẹ́ fún un, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi fi kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sí i, ojú kejì, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Fèrè bẹ̀rẹ̀. Màmá ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ àlejò. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin.

Ọwọ́ tó fi ń tẹ́ ìwé dúró.

"Àwọn nìyẹn," ó ní.

Ó sún mọ́ rẹ́kọ́dà.

"Ẹ dá a padà." Ọ̀rẹ́ mi dá a padà. "Àwọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń ní kí wọ́n dákẹ́, kí n gbọ́ ìròyìn." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ náà dé, ó fi ọwọ́ kan rẹ́kọ́dà. "Ikọ́ wọn nìyí. Ẹ gbọ́ bí ohùn wọn ṣe jẹ́ ti ọ̀dọ́. Wọn ò tíì mọ̀ mí nígbà yẹn."

Bóyá ó ti fi fèrè rẹ̀ tọrẹ kó tó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, a kò mọ̀, mi ò sì méfò. Màmá mú bírò, ó fagi lé *olùfun fèrè*, ó wá bi wá léèrè ohun tí yóò fi dípò rẹ̀. Mo kọjú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà.

"Ìwọ lo kéré jù. Sọ tìrẹ."

Ó ronú. "Kí á kọ ọ́ pé àwọn ló gba orin yìí sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń kọ ọ́ lẹ́yìn."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni màmá wí.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, a jókòó sí ìlà kẹta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lu ojú kejì. Nígbà tí ohùn imú náà jáde nínú ẹ̀rọ, àwọn kan bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó na ọwọ́ láti dín in kù. Màmá ti rí i láti iwájú. Ó yíjú sí i, ó mi orí fún un pé rárá, ọkùnrin náà sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.