Àìsàn Tí Mo Fún Ewé Tábà

Bí òórùn tábà bá ti gbá mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan l'Ókàká ni mo máa ń rántí.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ ká fi ègé èdè Látìn àti ti Gíríkì hun ọ̀rọ̀, ta ló tó mi? Tíṣà ti sọ fún wa pé èéfín ni "fúmù", pé àìsàn ni "ítísì". Ẹni tó bá jẹun yó jù láàárín wa, iyánítísì la ní ó ń ṣe é.

Lọ́jọ́ náà, ajẹ́ntì tó ń ra tábà ti ìdì ewé bàbá mi sẹ́yìn. "Bàbá, ewé yín ní fólíósísì. Yóò ran tàwọn yòókù. Ẹ gbé e padà."

Gbogbo iṣẹ́ ọdún yẹn ló wà nínú ìdì náà. Bàbá mi di èjìká mi mú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fúmítísì ni. Èéfín ló fà á. Kì í ràn."

Ajẹ́ntì wò mí títí, òógùn bo imú rẹ̀. Ó rọra ní kí wọ́n gbé ìdì náà sórí ìwọ̀n.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni ajẹ́ntì náà hun fólíósísì tirẹ̀, bíi tèmi.

Lọ́nà ilé, bàbá mi dúró. "Àlàó, ṣé fúmítísì yẹn kì í ran èèyàn?"

Láti àárọ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ ajẹ́ntì, àyà rẹ̀ ló gbé ìdì ewé náà mọ́.