Ọkọ̀ Tí Ìyá Mi Kò Dá Mọ̀ Mọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá ibi fìdí lé. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi ìkánjú sọ. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan ni mo ní, pupa, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì máa ń lọ kí i ní Sátidé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, àmọ́ etí rẹ̀ mú. Bí mo bá ti yà ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, á ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ mi láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì pe àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀: "Gbé omi ẹ̀bà kaná, ọmọ mi ti dé."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wá ń yọ èéfín. Mẹkáníìkì mi ní òun lè tún un ṣe, yóò kàn pẹ́ díẹ̀. Tàbí kí òun fi ẹ́ńjìnnì jíìpù ńlá kan rọ́pò rẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ọjà Akẹ̀sán á mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Ó dùn mọ́ mi ni, èmi tí orí mi ti funfun. Ó gé irin, ó jó irin. Ẹ́ńjìnnì náà ga ju àyè rẹ̀ lọ, ló bá dá bọ́nẹ́ẹ̀tì lu kó lè yọ orí síta.

Sátidé tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyá ìjọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Ọmọ ta ni eléyìí? Ìyá tó bí i ò kọ́ ọ rárá."

Àwọn ìyá náà rí mi, wọ́n wolẹ̀. Ọ̀kan fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Mo pa ọkọ̀, mo lọ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Ìwọ nìyí? Mi ò gbọ́ ọkọ̀ ẹ."

"Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ wá láti gáráàjì. Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

Níwájú àwọn tó rí mi nínú rẹ̀ ni mo ti pa irọ́ yẹn.

"Omi ò tíì sí lórí iná," ni ìyá mi wí, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. "Má bínú."

Láti ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni mo ń gbé ọkọ̀ sí, màá sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó ṣe díẹ̀, lọ́jọ́ kan tó di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò yíká.

"Bá mi sọ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò kọ́ yẹn," ló wí, "kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Oòrùn yìí pọ̀ jù fún un." Ó yíjú sí àbúrò mi. "Gbé omi kaná."

Mo gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì pé kí wọ́n dá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ padà sínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti tú u palẹ̀. Ìyá mi ò sì gbọ́ ohùn ọkọ̀ mi àtijọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí a sin ín tán, àbúrò mi jogún ilé àti ìkòkò omi. Mẹkáníìkì ló gba ọkọ̀, ó ṣì ń pariwo kiri Ọ̀yọ́. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kàn mí. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí yìí, bí ọkọ̀ aláriwo bá sì kọjá, mi ò lẹ́nu láti béèrè pé ọmọ ta ni.