Ẹni Tí Wọ́n Pè Kó Wá Dúpẹ́

Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń dún ká-ká-ká ní gbogbo ọ́fíìsì, ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ìjọ ń pè ní Àǹtí Atẹ̀wé. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Fèrèsé kan péré ló wà níbẹ̀, tábìlì sì gba àyè débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fa ikùn sínú.

Bàbá Akọ̀wé, tí í ṣe akọ̀wé ìjọ, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Á da ìwé ìròyìn bo ọwọ́ ọmọ náà lórí ẹ̀rọ, á ní, "Gbójú kúrò níbẹ̀ jàre. Ọwọ́ ẹ ò ní sá lọ." Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà mọ iṣẹ́ débi pé Àǹtí lè máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ kó sì ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú tán. Ètò ọ̀hún kì í yí padà: orin, bíbélì kíkà, ìwàásù, lẹ́yìn náà ìlà tó kẹ́yìn, "Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: Akọ̀wé Ìjọ." Kò sí òkú tí wọ́n sin níbẹ̀ tí kì í ṣe Bàbá ló bá ẹbí rẹ̀ dúpẹ́.

Àfi bí Bàbá ṣe sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jí mọ́. Omijé ni Àǹtí fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú Bàbá. Kò rí lẹ́tà kankan dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti pín ìwé tán kó tó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí. "Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: Akọ̀wé Ìjọ." Bẹ́ẹ̀, ìjọ kò tíì yan akọ̀wé mìíràn! Ó wo ìyàwó Bàbá níwájú, Màmá tó ti ń fún un lóúnjẹ láti kékeré bí ọmọ inú ara rẹ̀. Bí Màmá bá rò pé òun fi òkú ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ojú wo lòun fẹ́ fi wọ ilé yẹn mọ́? Ó ń gbàdúrà kí àlùfáà fo ìlà náà.

Àlejò ni àlùfáà ọjọ́ náà, kò sì fo nǹkan kan.

"Ní báyìí, kí akọ̀wé ìjọ jáde wá dúpẹ́."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Akọ̀wé ìjọ dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, àsìkò ń lọ."

Bàbá àgbà kan níwájú wúkọ́, ó nawọ́ sí pósí. "Àlùfáà, àwọn lẹ dúró tì yẹn."

Àwọn akọrin fi ìwé orin bojú, èjìká wọn ń mì. Ńṣe ló ń ṣe Àǹtí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Màmá ló dìde. "Ẹ ṣe sùúrù fún wọn, Àlùfáà. Nílé pàápàá, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo bá pè wọ́n kí wọ́n tó dìde."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó ń sunkún gan-an rẹ́rìn-ín. Màmá wá yíjú sẹ́yìn. "Ta ló tẹ ìwé yìí?"

Àǹtí dìde. "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Ta ló ń bínú? Èmi náà bu oúnjẹ wọn láàárọ̀ yìí, mo tún fi nǹkan dé e." Màmá nu ojú rẹ̀. "Máa bọ̀, ọmọ mi. O ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́nu wọn tó. Wá bá wọn sọ ọ́."

Àǹtí jáde. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọrin, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé pósí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́sẹẹsẹ, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń padà síjòókòó rẹ̀ nígbà tí Màmá fa aṣọ rẹ̀, tó sọ̀rọ̀ sí i létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlà iwájú gbọ́ ọ:

"O ò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbálẹ̀. Bàbá ẹ kì í gbàgbé wọn o."

Àǹtí yí padà. Ó wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ìyá méjì tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dúró sí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn náà.