Wọ́n Ní Kí Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Gbó

Ẹ jókòó. Àpáta yìí ti tutù, oòrùn ti kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú títí dòní, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń jókòó lábẹ́ máńgòrò gé èbù iṣu fún gbogbo ilé wa. Yóò yí iṣu lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́, yóò mọ ibi tí yóò ti hù, ọ̀bẹ yóò sì wọlé. Lọ́dún kan, ó gé ara rẹ̀ níka. Kò pẹ́, ó kọsẹ̀ lára òkúta ẹnu ọ̀nà, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa.

"Òkúta náà ló sún," ó ní. A rẹ́rìn-ín.

Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin tó ń wo ojú tan iná sí i, kò kán oògùn kankan sí i.

"Màmá, ìkùukùu ojú àgbà ni. Kò tíì gbó. Bó bá gbó, a ó yọ ọ́."

Àgbẹ̀ ni wá. Ta ló máa ní kí àgbẹ̀ dúró kí nǹkan gbó tí kò ní gbà? Èmi gan-an ni mo ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń wa iṣu tí kò gbó?"

Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ó ń ta nínú ilẹ̀ ni, àbí ó ń jẹrà?"

Ìkórè méjì kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la padà lọ, gbólóhùn kan náà la bá. Ìgbà tí ojú ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kó wa lọ sí ìlú ńlá. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin, kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ó ní ká dúró, kó tó wò ó.

"Eruku funfun wà létí dígí inú ojú yín, Ìyá, bí èlùbọ́ tó kù létí igbá. Òun ló dí ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde, tí omi fi ń ti ẹ̀yìn ojú."

Wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń wọn awọ ẹ̀yìn ojú, ìpele dé ìpele. Ti òsì ṣì nípọn díẹ̀. Ti ọ̀tún ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

"Èyí kì í gbó," dókítà ní. "Ṣe ló ń tán. Èyí tó ti lọ kò ní padà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "O gbọ́? Iṣu tí ò ń dúró dè nìyẹn."

Mo padà lọ bá ọkùnrin àkọ́kọ́, mo sọ ohun tí ẹ̀rọ rí fún un.

"Bàbá, ẹ̀rọ yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa."

Mo ní, "Ẹnu tí ẹ ó fi sọ pé ẹ kò mọ̀ ńkọ́? Òun náà kò sí?"

Ó pe ẹni tó kàn.

Ojú ọ̀tún lọ. Oògùn ń ṣọ́ ti òsì. Ọmọ rẹ̀ ló jogún ọ̀bẹ èbù. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi ìjókòó abẹ́ máńgòrò sílẹ̀ o. Ibẹ̀ ló ti ń fọwọ́ pa iṣu, tó ń bá ọmọ jiyàn. Dókítà ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kí àwa ọmọ ìyá rẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò, mo lọ: eruku náà wà lójú tèmi, ṣùgbọ́n awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nípọn. Oògùn tí mò ń kán láràárọ̀ ni ogún tèmi, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi jẹ ẹ́. Ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn kò jogún nǹkan kan. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ fún àgbẹ̀ pé kí wọ́n lọ dúró.